Ojú Lọ̀rọ̀ Wà: Ìtàn Bí Àwọn Ọlọ́tísímù Ṣe Ń Ka Ojú Ènìyàn, àti Ohun Tí Ó Kan Olùkọ́ ní Agbègbè Ìkẹjà àti Agége

Ìfáárà

Ní ọdún 1998, òǹkọ̀wé yìí lọ ṣe àbẹ̀wò sí akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ kan tí ó ń ṣe ìdánrawò iṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Agége. Bí ẹ̀kọ́ ti ń lọ lọ́wọ́, ọmọkùnrin kan ní ìlà iwájú ń fi rúlà gbá orí tábìlì. Olùkọ́ kò fẹ́ da ẹ̀kọ́ rú níwájú àlejò. Ó lejú mọ́ ọmọ náà, ó sì ṣẹ́jú sí i lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ náà wò ó títí, ó ní, 'Àǹtí, ṣé nǹkan kó sí yín lójú ni?' Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, ọmọ náà sì jẹ ẹgba mẹ́fà. Nínú ìwé àbọ̀ tí mo kọ, mo yin olùkọ́ náà pé ó mọ kíláàsì í ṣàkóso. Ohun tí mo kọ nípa ọmọ náà kò ju ọ̀rọ̀ kan lọ: aláfojúdi.

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ìbéèrè gidi ni ọmọ yẹn béèrè. Èmi kì í ṣe oníṣègùn, n kò sì lè fi ìṣẹ́jú 40 tí mo lò ní kíláàsì kan sọ pé ọmọ náà ní ọ́tísímù. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo kọ sínú ìwé àbọ̀ náà ni ó fa àpilẹ̀kọ yìí. Ọ́tísímù kì í ṣe àìsàn tí ènìyàn ń kó lára ẹlòmíràn, kì í sì í ṣe èrè ìwà òbí. Ọ̀nà tí ọpọlọ ń gbà ṣiṣẹ́ láti ìgbà èwe ni, tí ó máa ń hàn nínú bí ènìyàn ṣe ń bá ẹgbẹ́ lò, bí ó ṣe ń fẹ́ kí nǹkan wà bí ó ti ṣe wà, àti bí ariwo, ìmọ́lẹ̀ tàbí ìfọwọ́kàn ṣe ń rí lára rẹ̀. Láàrin gbogbo èyí, ẹ̀ka kan ṣoṣo ni a óò gbé yẹ̀ wò níhìn-ín, èyí ni kíka ojú. A fẹ́ mọ bí àwọn onímọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàkíyèsí rẹ̀, ọgbọ́n tí àwọn ọlọ́tísímù fúnra wọn ń ta sí i, àti bí ìtàn náà ṣe kan agbègbè ilé iṣẹ́ Ìkẹjà àti Agége, níbi tí púpọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa yóò ti ṣe iṣẹ́ olùkọ́.

Ojú nínú èdè àti ẹ̀kọ́ ilé Yorùbá

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹni tí inú rẹ̀ bàjẹ́ a fajú ro. Ẹni tí ń bínú a lejú. Ẹni tí kò fẹ́ jẹ́ iṣẹ́ tí a rán an a máa rojú. Ẹni tí ayọ̀ bá dé bá, ojú rẹ̀ a tú ká. Ẹni tí ó ṣe ohun tí kò dára, ojú a tì í, ẹni tí kò bọ̀wọ̀ fún àgbà ni a sì ń pè ní aláfojúdi. Èdè wa ti fi ojú ṣe ìwé tí gbogbo ènìyàn gbọ́dọ̀ lè kà. Àkíyèsí kan tún wà tí a óò padà sí láìpẹ́: ọ̀rọ̀ kan náà, ojú, ni a fi ń pe ohun tí a fi ń ríran àti gbogbo ibi tí ó bẹ̀rẹ̀ láti iwájú orí títí dé àgbọ̀n.

Bí èdè ti rí ni ẹ̀kọ́ ilé rí. Bí àlejò bá na oúnjẹ sí ọmọ, ojú ìyá rẹ̀ ni ọmọ tí a kọ́ yóò kọ́kọ́ wò. Ojú ìyá yóò ní 'gbà á' tàbí 'bí o bá dán an wò', àlejò kò sì ní gbọ́ ohunkóhun. Ọmọ tí a bá ní láti la ẹnu bá wí ní gbangba ti dójú ti ìyá rẹ̀. A sì tún ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀ a di odindi. Ibo ni ààbọ̀ kejì wà? Ojú ni.

Síbẹ̀, ẹ̀kọ́ ilé kan náà ni ó sọ pé ọmọdé kò gbọdọ̀ máa wo àgbà lójú. Ìgbà tí àgbà bá fẹ́ mọ òtítọ́ ni yóò ní, 'Wò mí lójú!' Nítorí náà, iṣẹ́ tí a gbé lé ọmọ Yorùbá lọ́wọ́ le ju èyí tí àwọn òbí Gẹ̀ẹ́sì gbé lé tiwọn lọ. Ó gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ojú ń sọ láìtẹjú mọ́ ojú náà. Ìyẹn ni pé kí ó jí i kà. Ọmọ tí kíka ojú kò rọrùn fún, tí ó ní láti wò ó pẹ́ kí ó tó lóye, a ti kọ̀ fún un láti wò ó pẹ́. Mo gbà pé ibi yìí ni ìṣòro àwọn ọmọ wa ti yàtọ̀ sí ti àwọn tí a kọ ọ̀pọ̀ ìwé lé lórí.

Láti Baltimore dé Lọ́ńdọ̀nù

Ní ọdún 1943 ni Leo Kanner, oníṣègùn ọmọdé ní ilé ìwòsàn Johns Hopkins ní Baltimore, kọ nípa àwọn ọmọ 11 kan, ọkùnrin 8 àti obìnrin 3, tí ó rí i pé ìwà wọn jọra. Lọ́dún tí ó tẹ̀ lé e, Hans Asperger kọ irú rẹ̀ ní Vienna. Lára ohun tí àwọn ìyá sọ fún Kanner ni pé bí wọ́n bá fẹ́ gbé ọmọ náà nígbà tí ó wà ní ìkókó, kì í múra sílẹ̀ fún gbígbé bí àwọn ọmọ mìíràn ti máa ń ṣe. Yorùbá tí ó bá gbọ́ èyí yóò rántí pé ọmọ tí ó bá ṣípá ni ìyá rẹ̀ ń gbé. A ti ń fi òwe yìí bá ọ̀lẹ wí láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé, a kò sì bi ara wa rí bóyá ọmọ kan wà tí kò mọ̀ pé apá tí ìyá nà sí òun ń sọ nǹkan.

Ọmọ tí Kanner kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀ ni Donald Triplett, tí a bí ní 1933 ní ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Forest ní ìpínlẹ̀ Mississippi. Ó dàgbà, ó ṣiṣẹ́ ní báńkì ìlú rẹ̀, ó wakọ̀, ó gbá gọ́ọ̀fù, ó rin ìrìn-àjò lọ sí òkè òkun, ó sì kú ní 2023. Ohun tí àwọn oníròyìn tí ó lọ sí ìlú náà tẹnu mọ́ ni pé àwọn ará Forest ti mọ ìwà rẹ̀, wọ́n sì gbà á bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe òun nìkan ni ó kọ́ láti ka ojú wọn. Àwọn náà kọ́ láti ka tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìwádìí kò gba ọ̀nà yẹn lọ. Ní 1985, Simon Baron-Cohen, Alan Leslie àti Uta Frith ní Lọ́ńdọ̀nù tẹ àbájáde ìdánwò kan jáde tí ó fi hàn pé 16 nínú ọmọ ọlọ́tísímù 20 kò lè sọ ibi tí ẹlòmíràn yóò rò pé nǹkan wà bí wọ́n bá gbé e kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ pé mímọ ohun tí ń bẹ lọ́kàn ẹlòmíràn ni ó ṣòro fún wọn. Ní 1997, Baron-Cohen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìdánwò kan tí a ti ń wo àwòrán apá ibi ẹyinjú nìkan, tí a ó sì sọ ohun tí ẹni náà ń rò. Ní 2001 wọ́n tún un ṣe, ó di àwòrán 36, ọ̀rọ̀ 4 sì wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan tí a óò ti yan ẹyọ kan. Ìdánwò yìí tàn kálẹ̀ gbogbo ayé.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbí, nítorí olùkọ́ èdè ni àwa. Inú ìwé ìròyìn ni a ti gé àwọn àwòrán náà, ojú àwọn òyìnbó sì ni. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbé e wá sí èdè Yorùbá yóò kọ́kọ́ bá ọ̀rọ̀ ojú pàdé: ṣé ẹyinjú ni, tàbí gbogbo ojú? Fún wa, ẹyinjú tí a gé kúrò lára ìyókù ojú kò sọ ọ̀rọ̀ tán. Ṣé a lè rí ẹni tí ń yínmú bí a kò bá rí imú rẹ̀? Lẹ́yìn èyí ni yóò bá àwọn ọ̀rọ̀ tí a óò yàn pàdé. Àwọn orúkọ ìmọ̀lára tí Gẹ̀ẹ́sì fi ọ̀rọ̀ kan pè, gbólóhùn ni Yorùbá fi ń sọ wọ́n, àwọn ẹ̀yà ara ni ó sì ń fi wọ́n sí: inú ń bí i, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, ara rẹ̀ kò gbà á, ojú ń tì í. Kì í ṣe kí a kàn tú ọ̀rọ̀ 4 kí a sì fi wọ́n sábẹ́ àwòrán.

Àríyànjiyàn wà lórí bóyá ojú ènìyàn ń sọ ohun kan náà níbi gbogbo. Ní 1971, Paul Ekman àti Wallace Friesen jábọ̀ láti Papua New Guinea pé àwọn tí kò fi bẹ́ẹ̀ bá òyìnbó pàdé rí mọ ojú ìbínú, ayọ̀ àti ìbànújẹ́ inú àwòrán òyìnbó. Ṣùgbọ́n ní 2012, Rachael Jack àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé ohun tí àwọn aláwọ̀ funfun àti àwọn ará ìlà-oòrùn Éṣíà ń retí lára ojú kan náà yàtọ̀ síra. Èmi rò pé òtítọ́ wà lọ́wọ́ ìhà méjèèjì. Ẹ̀rín dà bí ẹ̀rín níbi gbogbo, ṣùgbọ́n ẹ̀rín tí kò dénú ní àṣà tirẹ̀ nílùú kọ̀ọ̀kan.

Ohun tí àwọn ọlọ́tísímù fúnra wọn wí

Nígbà tí àwọn onímọ̀ ń wọn ohun tí àwọn ọlọ́tísímù kò lè ṣe, àwọn kan nínú wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Temple Grandin, tí a bí ní 1947, tí ó di ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ẹran ọ̀sìn ní yunifásítì ìpínlẹ̀ Colorado, tẹ ìwé ìtàn ayé rẹ̀ jáde ní 1986. Ó ṣàlàyé pé àwòrán ni òun fi ń ronú. Gbogbo ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ sí òun rí wà lọ́kàn òun bí àkójọ fídíò. Bí òun bá bá ìwà ènìyàn kan pàdé, òun a wá irú rẹ̀ nínú àkójọ náà, òun a sì fi wé e. Ìṣirò ni ohun tí ẹlòmíràn ń ṣe láìronú jẹ́ fún un. Donna Williams, ará Ọsirélíà, tẹ tirẹ̀ jáde ní 1992. Ní 1993, Jim Sinclair kọ àròkọ kan sí àwọn òbí, ó rọ̀ wọ́n pé kí wọ́n má ṣọ̀fọ̀ ọmọ tí ó wà láàyè níwájú wọn.

Láti inú irú ìwé bẹ́ẹ̀ àti ìwádìí tí ó tẹ̀ lé wọn, a lè rí ọgbọ́n tí wọ́n ń ta. Àwọn kan ń fi ojú sí ibi tí ó sún mọ́ ẹyinjú, bí àárín ìpéǹpéjú méjèèjì tàbí orí imú, kí ẹni tí ń bá wọn sọ̀rọ̀ lè rò pé wọ́n ń wo òun, nítorí wíwo ẹyinjú gan-an máa ń ni wọ́n lára, ó sì ń gba ọ̀rọ̀ lọ́kàn wọn. Àwọn kan kì í gbára lé ojú rárá, ohùn, ìrìn àti ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú ni wọ́n fi ń mọ̀. Àwọn kan ń há òfin sórí: bí ẹni náà bá ti wo aago lẹ́ẹ̀mejì, ó fẹ́ lọ. Àwọn kan sì ń béèrè ní tààrà, 'Ṣé inú ń bí ọ ni?', bí ọmọ Agége yẹn ti ṣe.

Ẹnu jẹ́ ohun tí ó yẹ kí a dúró lé. Ní 2002, Ami Klin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yale fi ẹ̀rọ tọ ipa ojú àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ọlọ́tísímù bí wọ́n ti ń wo fíìmù kan. Wọn kò fi bẹ́ẹ̀ wo ẹyinjú àwọn òṣèré. Ẹnu àti àwọn nǹkan inú iyàrá ni wọ́n ń wò. Èyí ni gbogbo ènìyàn rántí nínú ìwádìí náà. Ohun tí wọn kì í sábà rántí ni pé àwọn tí ó wo ẹnu jù ni bíbá ẹgbẹ́ lò sàn fún jù nínú wọn, nígbà tí ti àwọn tí ń wo nǹkan inú iyàrá kò dára tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà ni wọ́n ń wá, ẹnu sì ni ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń jáde.

Ọgbọ́n wọ̀nyí ní iye tí wọ́n ń ná ènìyàn. Ní 2017, Laura Hull àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù kọ ohun tí àwọn àgbàlagbà ọlọ́tísímù sọ nípa fífi ara pamọ́, pé ó ń tán ènìyàn lókun, ó sì ń mú kí ẹlòmíràn má mọ irú ẹni tí òun jẹ́ mọ́. Geoffrey Bird àti Richard Cook tún sọ ní 2013 pé ìṣòro àti mọ ìmọ̀lára lójú ẹlòmíràn lè má ti ara ọ́tísímù wá fúnra rẹ̀. Àwọn ọlọ́tísímù tí ó ṣòro fún láti dárúkọ ìmọ̀lára ti ara wọn ni ó sábà máa ń kan. Kò yẹ nígbà náà kí a gbà pé gbogbo ọlọ́tísímù ni kò lè ka ojú.

Damian Milton, onímọ̀ àwùjọ ní Bìrìtìkó tí òun náà jẹ́ ọlọ́tísímù, ni ó yí ìbéèrè náà po ní 2012. Ó ní ìṣòro náà jẹ́ ti ìhà méjèèjì: bí ọlọ́tísímù kò ti lóye ẹni tí kì í ṣe ọlọ́tísímù, bẹ́ẹ̀ ni ẹni yẹn náà kò lóye rẹ̀. Ní 2020, Catherine Crompton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Edinburgh dán an wò. Wọ́n to ènìyàn ní mẹ́jọ mẹ́jọ, wọ́n sọ ìtàn kan fún ẹni àkọ́kọ́ kí ó sọ ọ́ fún ẹni kejì, títí dé ìkẹyìn. Ìtàn náà kò já mọ́ àwọn tí gbogbo wọn jẹ́ ọlọ́tísímù lọ́wọ́ ju ti àwọn tí kì í ṣe ọlọ́tísímù lọ. Níbi tí wọ́n ti da méjèèjì pọ̀ ni ọ̀rọ̀ ti sọnù jù.

Ìkẹjà àti Agége

Ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ni ó ṣí ilẹ̀ Ìkẹjà sílẹ̀ fún ilé iṣẹ́ ńláńlá ní ìparí àwọn ọdún 1950, kí agbègbè náà tó di ara ìpínlẹ̀ Èkó ní 1967. Guinness bẹ̀rẹ̀ sí í pọn ọtí níbẹ̀ ní 1962, Cadbury dé Agídingbí ní 1965, Dunlop ń ṣe táyà, àwọn ilé ìhunṣọ sì tò sí ojú ọ̀nà Ọba Akran. Láti Agége, Ọ̀gbà, Mushin àti Ìfàkọ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ ti ń wá.

Ẹni tí a bí ní 1945 tí ó sì wọ ilé iṣẹ́ ní 1965, bí ó bá jẹ́ ọlọ́tísímù, kò sí ẹni tí ìbá sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ẹ wo irú ibi tí ó wọ̀: fèrè ń dún nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ àti nígbà tí ó parí, káàdì ń sọ àkókò, òfin wà lára ògiri, iná pupa túmọ̀ sí dúró. Nínú ariwo ẹ̀rọ, ọwọ́ ni ènìyàn fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, ọwọ́ kan sì ní ìtumọ̀ kan. N kò fẹ́ sọ ilé iṣẹ́ di ọ̀run rere, nítorí ariwo, ooru àti òórùn rẹ̀ lè jẹ́ ìyà fún ẹni tí ara rẹ̀ kò gbà wọ́n. Ohun tí mo ń sọ ni pé ọ̀pọ̀ ohun tí a fi ń gba owó oṣù níbẹ̀ kò béèrè pé kí ènìyàn ka ojú.

Ayé yẹn ti yí padà. Ọ̀pọ̀ ilé ìhunṣọ ti kógbá sílé, Dunlop dá ṣíṣe táyà dúró ní 2008, púpọ̀ nínú àwọn ọgbà ilé iṣẹ́ náà sì ti di ilé ìkẹ́rùsí, ṣọ́ọ̀ṣì àti gbọ̀ngàn ayẹyẹ. Láti ìparí àwọn ọdún 1990, Òtígbà ti di ọjà kọ̀ǹpútà àti fóònù, níbi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀dọ́ ti ń jẹun. Dúnàádúrà ni iṣẹ́ ibẹ̀. Òǹtajà a fajú ro bí ẹni pé o bú u, òǹrajà a yí ẹ̀yìn padà bí ẹni pé ó ń lọ, àwọn méjèèjì sì mọ̀ pé eré ni. Ẹni tí ó bá gba ojú náà gbọ́ yóò sanwó jù, tàbí kí ó lọ láìra nǹkan. Ní ti èyí, ọkọ̀ dánfó rọrùn ju ọjà lọ: kọ̀ndọ́kítọ̀ ń kígbe ibi tí ó ń lọ, èrò ń kígbe 'ó wà o!', kò sí ohun tí a fi pamọ́ sójú. Èrò tèmi ni pé bí iṣẹ́ ti ń kúrò nídìí ẹ̀rọ lọ sí ojú ọjà ni iye tí a ń bù lé kíka ojú ń ga sí i, àwọn ọmọ tí a ń kọ́ lónìí ni yóò sì san án.

Orúkọ ọ́tísímù kò tètè dé ọ̀dọ̀ wa. Ní 1976, C. I. Longe kọ nípa ọmọ Nàìjíríà 4 tí ó ní in. Ní 1978, Victor Lotter tẹ ìwádìí kan jáde tí ó ṣe ní ìlú 9 ní orílẹ̀-èdè Áfíríkà 6, Nàìjíríà sì wà lára wọn. Ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ tí a ti kó sí ilé ìtọ́jú ni ó wò, kò dé inú ilé-ẹ̀kọ́ wa. Ìlànà Ẹ̀kọ́ ti Orílẹ̀-èdè ti 1977 ya abala kan sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ àkànṣe. Síbẹ̀, ní 2008, nígbà tí Muideen Bakare àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Enugu ń wádìí ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera mọ̀ nípa ọ́tísímù, àwọn ni ó ní láti ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣètò ìwé ìbéèrè tí wọn yóò fi wádìí rẹ̀.

Ní Ìkẹjà, ilé ìwòsàn ìjọba di ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó ní 2001. Ní 2006, Dọ̀tun Akande, ìyá tí ọmọ tirẹ̀ náà ní ọ́tísímù, dá Patrick Speech and Languages Centre sílẹ̀ níbẹ̀. Ní 2011, ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin fún àwọn ènìyàn tí ó ní ìpèníjà ara; ní oṣù kìíní 2019, Ààrẹ fọwọ́ sí ti àpapọ̀, èyí tí ó ka fífi ìpèníjà ya ènìyàn sọ́tọ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀. Òfin ti wà. Iye ọmọ tí ó lè dé irú ilé ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ kéré sí iye àwọn tí ó jókòó sí kíláàsì ìjọba ní Agége, tí olùkọ́ wọn kò gbọ́ orúkọ náà rí.

Ní kíláàsì

Ìwé ìbéèrè tí ó ti òkè òkun wá sábà máa ń béèrè bóyá ọmọ náà ń wo ènìyàn lójú. Kí olùkọ́ wa tó fi àmì sí i, kí ó kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ẹ̀kọ́ ilé ni kò jẹ́ kí ọmọ náà wò ó. Kò burú kí a béèrè ohun tí ó bá ilé wa mu: ṣé ó ń wo ojú ìyá rẹ̀ kí ó tó gba nǹkan lọ́wọ́ àlejò? Ṣé ó ń tẹ̀ lé ìka tí a nà sí nǹkan? Bí a bá ṣẹ́jú sí i, kí ni ó ń ṣe?

Kì í ṣe iṣẹ́ olùkọ́ láti fi agbára mú ọmọ wo ẹyinjú. Bí ó bá ń wo ẹnu, tàbí tí ó kọ etí sí wa tí ó sì ń wo ilẹ̀, tí ó gbọ́ ohun tí a sọ, ó tó. Ohun tí a ń fi ojú sọ ni kí a máa fi ẹnu kún: 'Mo lejú báyìí nítorí ariwo rúlà yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, gbé e sílẹ̀.' Èdè wa rọrùn fún irú ẹ̀kọ́ yìí. Bí olùkọ́ bá fi ara ṣe àpèjúwe fífajúro, lílejú, yíyínmú àti rírojú, tí ó sì sọ ohun tí ó fa ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo kíláàsì ni yóò jàǹfààní, àkójọ fídíò ọmọ tí ó nílò rẹ̀ yóò sì pọ̀ sí i. Àwọn ọmọ yòókù náà ní ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́, bí àwọn ará Forest ti kọ́ ọ: pé ẹni tí kò rẹ́rìn-ín lè máa gbádùn eré, ẹni tí ó sì ń béèrè lè má máa fini ṣẹ̀sín.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kọ gbogbo àṣẹ tí wọ́n fi ojú pa nínú ẹ̀kọ́ kan sí ìparí ìwé ìgbáradì wọn, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọn ìbá ti fi ẹnu sọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Èyí tí ó kéré jù nínú èyí tí wọ́n kọ́kọ́ mú wá jẹ́ 7. Ọ̀kan nínú wọn kọ 19, ó sì ní òun kò tíì ka ṣíṣẹ́jú mọ́ ọn.